Ohun Tí Ìyá Ológbà Kò Gé

Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ọdún 2024, a dá aago sẹ́yìn ní wákàtí kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí yóò sì fi di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo dúró lójú fèrèsé kíṣìnì wa ní Sydenham, ní gúúsù London, mo ń wo ẹ̀yìnkùlé. Ọgbà náà kò tóbi. Kò ju kí yàrá mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn lọ. Igi ápù kan wà níbẹ̀, igi plum kan, igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tí ó fara ti ògiri, róòsì mélòó kan, igi òdòdó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní hydrangea mẹ́ta, òdòdó dahlia tí ó ṣì ń pọ́n yòò bí ẹni pé kò gbọ́ pé òtútù ń bọ̀, àti àwọn ìkòkò amọ̀ tí mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Ewé ti bo gbogbo ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn ni, ìgbálẹ̀ ni ǹ bá gbé. Ṣùgbọ́n mo ti bá ìyá kan ṣe àdéhùn, ọ̀la ni wọ́n sì ń bọ̀.

Kí n tó sọ ti ìyá yìí, ó yẹ kí n sọ ti ẹni tó ṣáájú wọn. Ní ọdún 2022, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé náà, mo gba ọkùnrin kan tí ó fi ìwé pélébé há ẹnu ọ̀nà wa pé kí ó wá tún ọgbà ṣe kí òtútù tó dé. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni wọ́n jọ wá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ewé dání, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò. Láàárín wákàtí méjì, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n gé hydrangea kanlẹ̀, wọ́n gé ẹ̀ka igi plum nínú oṣù kọkànlá, wọ́n fẹ́ ewé jọ sínú àpò ńlá mẹ́sàn-án, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ mọ́ kedere. Inú mi dùn débi pé mo fi owó lé £180 tí wọ́n dá lé mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni òtútù oṣù kejìlá ọdún náà dé, èyí tí àwa tí a wà ní London kò ní tètè gbàgbé, nígbà tí òjò dídì bọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlá mọ́jú ọjọ́ kejìlá, tí ilẹ̀ sì le gbagidi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìkòkò amọ̀ mẹ́rin là, nítorí pé wọ́n fi omi sílẹ̀ nínú wọn. Omi tó bá dì a máa wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ ìkòkò amọ̀ ni kò sì lè gba irú wíwú bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (ìgbà ooru tí wọ́n ń pè ní summer) ọdún tó tẹ̀lé e dé, hydrangea mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hu ewé dáadáa, ṣùgbọ́n òdòdó kan ṣoṣo kò yọ lórí wọn. Ẹ̀ka plum kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé tí ń dán bíi fàdákà, mo sì rò pé ẹwà ni, àfi ìgbà tí ẹ̀ka náà gbẹ.

N kò bínú sí ọkùnrin náà tó bí mo ti bínú sí ara mi, nítorí ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ṣakí, àgbàlá tó mọ́ ni àgbàlá tí a lè rí erùpẹ̀ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Kí oòrùn tó yọ ni àwa ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí a ń gbálẹ̀, tí ojú ìgbálẹ̀ á hàn lára ilẹ̀ bí ìgbà tí a fi ìyarun yarí. Koríko tó bá ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ilé ejò ni. Ewé tó bá kó jọ sí igun kan, àkekèé wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò gbálẹ̀, ọ̀lẹ ni, àlejò tó bá sì wọlé á ti mọ irú ìyá tó wà nínú ilé náà kó tó jókòó. Ẹ̀kọ́ yìí dára fún Ṣakí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ mi. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ilẹ̀ ibí yìí ń bẹ̀rù ohun mìíràn, àti pé ohun tó ń bẹ̀rù náà kì í ṣe ejò.

Obìnrin ará Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ ló júwe ìyá ológbà náà fún mi. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, wọ́n á ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, iṣẹ́ ọgbà sì ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ àwọn gan-an, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Ẹni tó lè jẹ́ àbúrò ìyá mi, “Mà” ni mo ń pè wọ́n títí iṣẹ́ fi parí, àwọn náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, wọn kò mú irinṣẹ́ kankan dání. Wọ́n fi nǹkan bíi wákàtí kan rìn káàkiri, wọ́n ń wò, wọ́n ń béèrè. Níbo ni omi máa ń dúró sí bí òjò bá rọ̀? Aago mélòó ni oòrùn máa ń kúrò lára ògiri yẹn? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò yí i lórí ìka kejì, ó sì nà gbọọrọ bí okùn láì já. “Amọ̀ ni,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ṣàlàyé pé amọ̀ yìí ló wà lábẹ́ apá púpọ̀ nínú ìlú London, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó bá tutù, nítorí yóò ki bíi bíríkì, gbòǹgbò kò sì ní rí afẹ́fẹ́ mí. Mo rántí bàbá mi. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe máa ń bu erùpẹ̀ oko tuntun sí àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n tó kọ ebè àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró sí kíṣìnì, wọ́n wo ìta, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: “Kí ni o fẹ́ máa rí láti ojú fèrèsé yìí ní oṣù kìíní?” N kò ní ìdáhùn. Mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kò sí ohunkóhun tí ènìyàn lè rí nínú ọgbà ní oṣù kìíní.

A kọ àdéhùn sílẹ̀: £28 fún wákàtí kan, ọjọ́ méjì, wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n fi ìwé ìbánigbófò wọn hàn mí kí n tó béèrè. Fún ẹni tó bá ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo fẹ́ kí ó mọ èyí: ẹni tó bá ń gba owó láti kó pàǹtírí ọgbà lọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyíká, bí ó bá sì lọ dà á sẹ́bàá ọ̀nà, onílé pẹ̀lú lè jẹ́jọ́ rẹ̀. N kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni ọdún 2022. Ní ti ìyá yìí, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ohun tí wọ́n kó jáde nínú ọgbà wa. Ọjọ́ kìíní ni a dá nìkan. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní ojú ọ̀run ni yóò dá a.

Ní ọjọ́ Ajé náà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti dé. Ewé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi réèkì wọ́ ọ kúrò lórí koríko, nítorí ewé tó bá bo koríko kò ní jẹ́ kí ó rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì wọ́ ọ kúrò lójú ọ̀nà kí ó má baà yọ̀ wá ṣubú. Ìyókù, wọ́n tì í sábẹ́ àwọn igi kéékèèké, wọ́n tẹ́ ẹ bí ẹní. Èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n kì í sínú àpò, wọ́n fi fọ́ọ̀kì ọgbà dá ihò sára àpò náà, wọ́n bu omi sí i, wọ́n sì tò ó sẹ́yìn ilé irinṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, yóò ti di ilẹ̀dú. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ó dùn mí. Àwa tí a mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tó bá hù lórí ààtàn kì í béèrè ajílẹ̀, tí gbogbo ará ilé ń já ewé rẹ̀ tí kì í tán, èmi ni mo sanwó kí wọ́n wá kó àpò mẹ́sàn-án ilẹ̀dú lọ.

Àwọn ẹ̀ka gbígbẹ, wọ́n tò wọ́n jọ sí igun ìsàlẹ̀ fún lílì, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hedgehog. Lílì ilẹ̀ yìí máa ń sùn láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, abẹ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ló sì ń wá. Iye wọn ti dínkù gidigidi ní Bìrìtìkó, lára ohun tó sì ń pa wọ́n ni iná ayẹyẹ Bonfire Night tí àwọn ènìyàn ń dá ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá láìkọ́kọ́ tú òkìtì igi wò. Ìyá náà kò sọ èyí bí ẹni tó ń ka ìwé. Ohùn wọn rẹlẹ̀, wọ́n sì dá iṣẹ́ dúró nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Nígbà tí a dé ìdí hydrangea, mo mú àlùmọ́gàjí ìgé-igi, mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Orí òdòdó tó ti gbẹ, tó ti pọ́n bí ewé tábà, ó wà lórí wọn wúruwùru, ó sì ń yọ ojú mi lẹ́nu. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. Wọ́n ní kí n sún mọ́ ọn. Nísàlẹ̀ orí gbígbẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀hù méjì tó sanra, tí kò tóbi ju ẹyọ àgbàdo lọ, ti kọjú sí ara wọn lára igi. Òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ti wà nínú wọn. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi náà ti múra rẹ̀ sílẹ̀, orí gbígbẹ tí mo kà sí ìdọ̀tí sì ni agboòrùn tí kì í jẹ́ kí ìrì dídì bọ́ lé wọn lórí. Ẹni tó bá gé e ní oṣù kọkànlá ti gé òdòdó oṣù keje sọnù. N kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo kàn ń wo ẹ̀hù méjì náà.

Bí iṣẹ́ ti ń lọ nìyẹn, ohun tí wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ kàn pọ̀ ju ohun tí wọ́n gé lọ. Wọn kò fọwọ́ kan plum rárá, nítorí àrùn kan wà tí ń gba ojú ọgbẹ́ tútù wọlé nígbà òtútù, òun ló sì sọ ewé ẹ̀ka wa di fàdákà. Igi tó bá léso olókùúta nínú bíi plum, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń gé e. Ápù yàtọ̀ sí i, ìgbà tó bá ń sùn ni à ń tọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó di oṣù kejì. Róòsì, wọ́n gé díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ kí ìjì má baà máa mì í títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi tú, wọ́n sì fi gígé rẹ̀ gan-an sílẹ̀ di ìparí òtútù. Lára ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n já gbogbo èso tútù tó ti tóbi, nítorí òtútù yóò pa wọ́n, wọ́n sì fi àwọn tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ sílẹ̀ ní ṣóńṣó ẹ̀ka, nítorí àwọn ni a óò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ omi ìta, wọ́n pa á láti inú ilé, wọ́n tú omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì wé e. Ìkòkò amọ̀, wọ́n fi bíríkì gbé wọn kúrò nílẹ̀ kí omi lè máa jò jáde.

Ọ̀dọ̀ tẹ̀tẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ́ olùkọ́. Wọn kò mọ̀ ọ́n sí oúnjẹ. Mo fi hàn wọ́n bí a ṣe ń tẹ orí rẹ̀ wọ inú àpò ìwé, tí a ó sì gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ títí hóró dúdú wínníwínní yóò fi máa dún ṣàràṣàrà nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n bù fún àwọn. Mo bù ú sínú àpò lẹ́tà, mo sì kọ bí a ṣe ń sè é sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, ọgbà náà kò jọ ibi tí a tún ṣe. Màmá mi pè mí lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì rí ìta nígbà tí mo tan iná. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ kò gbálẹ̀ níbẹ̀ ni?” Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ewé, amọ̀, ekòló àti ìrì dídì fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ṣé kí ilẹ̀ lè rí nǹkan fi bora? Bàbá rẹ ò ha ń dé iṣu lórí?” Òótọ́ ni, mo sì ti gbàgbé pátápátá. Bí wọ́n bá ti gbin ebu sínú ebè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwa nílé, bàbá mi á ká koríko gbígbẹ, wọ́n á fi dé orí ebè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bu erùpẹ̀ lé e kí ọyẹ́ má gbé e lọ. Oòrùn ni ti wọn, òtútù ni ti ìyá ológbà. Àgbàlá nìkan ni a ń gbá títí erùpẹ̀ fi ń hàn. A kì í gbá oko. Èmi ni mo ń tọ́jú oko bí àgbàlá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kọkànlá ni ojú ọ̀run dá ọjọ́ kejì fún wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo koríko funfun, ewé dahlia sì dúdú ó rọ, bí ẹ̀fọ́ tí a gbàgbé lórí iná. Ọmọ ilẹ̀ Mexico ni òdòdó yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sì mọ ara ìrì dídì. Ìyá náà dé. Wọ́n gé igi rẹ̀ kù bí àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n ki fọ́ọ̀kì bọlẹ̀ jìnnà sí i ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, wọ́n sì rọra gbé e. Nígbà tí ó jáde, mo kígbe pé, “Iṣu ni!” Iṣu ni lóòótọ́ lójú mi: wóńdọ́wóńdọ́, bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, wọ́n so mọ́ ìdí kan, awọ wọn pupa rúsúrúsú, erùpẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ wọn. Wọ́n fi ìka nu ọrùn ọ̀kan, níbi tí ó ti so mọ́ igi, wọ́n fi hàn mí: ojú kékeré kan, bí orí abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni dahlia ti lè hu. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá ṣẹ́, bó ti wù kó sanra tó, òkú ni. Mo ní tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, pé ebu iṣu tí èèpo bá wà lára rẹ̀, ojú lè yọ níbikíbi. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n jókòó lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, a sì sọ̀rọ̀ iṣu fún bí ìdajì wákàtí, wọ́n kò sì ka ìdajì wákàtí yẹn mọ́ owó iṣẹ́.

Wọ́n dojú dahlia dé kí omi inú igi rẹ̀ lè gbẹ, wọ́n sì ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí n tò ó sínú iyanrìn gbígbẹ. Mo rò pé n óò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu tí mo rà ní Peckham. Ṣùgbọ́n dahlia ń fẹ́ ibi tó tutù tí kò sì dì, bẹ́ẹ̀ ni òtútù bẹ́ẹ̀ yóò ba iṣu jẹ́. Yàrá kékeré tí a kì í tan ẹ̀rọ amúlégbóná sí ni ti dahlia, kíṣìnì ni ti iṣu.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ní kí n gbin aáyù. Mo rò pé wọ́n ṣì í sọ ni. Ta ní ń gbin nǹkan sínú irú ilẹ̀ yìí? Wọ́n ní aáyù tí òtútù kò bá mú dáadáa kò ní pín sí awẹ́-awẹ́, yóò kàn wú bí àlùbọ́sà kan ṣoṣo ni. Igi ápù náà gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ òtútù tó pọ̀ tó kó tó lè jí tanná. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi gbé ní ìlú yìí, tí mo ti ń fara da oṣù kejìlá, oṣù kìíní àti oṣù kejì bí ẹni tó wà nínú túbú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé òtútù náà ń ṣiṣẹ́.

£336 ni gbogbo owó náà já sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí mo san ní ọdún 2022. Ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní ó pọ̀ jù fún ẹni tó gé ìwọ̀nba nǹkan. Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nígbà mìíràn, ìyá náà á dúró ti igi kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á yí i po, wọ́n á sì rìn kọjá láì gé nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló wọ́n jù lọ nínú iṣẹ́ náà, òun sì ni n kò lè fúnra mi ṣe. Apá mi ká ìgbálẹ̀, apá mi ká àlùmọ́gàjí. Ìmọ̀ ohun tí kò yẹ ní gígé ni mo sanwó fún, mo sì ti fi ojú mi rí iye tí àìmọ̀ rẹ̀ ń náni.

Oṣù kìíní ọdún 2025 ni mo ń kọ èyí. Láàárọ̀ yìí, ìrì dídì bo orí gbígbẹ hydrangea, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan funfun létí bí ẹni tó fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sí i, ẹyẹ kékeré méjì sì ń ṣa hóró lára àwọn igi òdòdó tí ìyá náà kò jẹ́ kí n gé. Mo dúró lójú fèrèsé títí tíì mi fi tutù.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti dé láti ìjọ, mo máa ń wọ yàrá kékeré yẹn lọ wo àpótí dahlia. Mo máa ń hú iyanrìn kúrò, mo sì ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí bàbá mi ti máa ń tẹ iṣu nínú àká. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan rọ̀ nídìí. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé e kúrò títí mo fi dé ibi tó funfun tó sì le, mo wo ọrùn àwọn yòókù bóyá ojú ṣì wà níbẹ̀, mo sì dá wọn padà sínú iyanrìn.